Ìyá Rẹ Kò Mutí Rí

Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú

Ṣadé, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ìdánìkangbé ní Kútọnu, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò kí ọ káàbọ̀ nígbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún ń dùn mí bí mo bá rìn títí dé ojú irin, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orúnkún ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí láti àárọ̀.

Nígbà tí o pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, o ní wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ti ń wádìí àbùdá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé, kí wọ́n lè mọ ìdí tí ẹlòmíràn fi ń sanra láìjẹun púpọ̀, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa le, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa wú tàbí kó dí. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Lẹ́yìn náà o ní, “Bàbá, àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí kò lọ́wọ́ ọtí nínú. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló pa Màmá. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó ṣeé ṣe kí Màmá má mutí rí.”

Mo ní rẹ́sò fóònù kò dára, n kò gbọ́ ọ, mo sì pa á. Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ọ ketekete. O ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà, n kò gbé e. Ìwé yìí ni ìdáhùn mi. Fi sùúrù kà á tán kí o tó pinnu ohun tí o fẹ́ fi mí ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn: mo ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ kú ni mo ti mọ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kétu ni wọ́n bí mi sí, o mọ̀. Ìjọba ló gbé mi wá sí Kàbúà láti máa kọ́ ọmọ, mo ṣì kéré, mo sì rò pé kò sí ohun tí mo kò mọ̀. Gbogbo ìlú ń pè mí ní Mẹ́tírì. Bí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bi Mẹ́tírì, torí ẹni tó mọ̀wé kì í purọ́. Níbẹ̀ ni mo ti rí Wúràọlá, ìyá rẹ. Aránṣọ ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà, ọrùn rẹ̀ gùn, bó bá tẹ orí ba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kì í gbọ́ bí a bá ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Adéòtí, ló fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Mẹ́tírì, àwa kò ní ohun mìíràn tó dára ju èyí lọ nínú ilé yìí.”

Lẹ́yìn tí a bí Káyọ̀dé àbúrò rẹ ni ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. A ti kó wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ẹran ara náà ń gorí ara wọn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀ ju tèmi lọ. N kò gbà. Èmi tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, mo rò pé ohun tó wọlé ni ń jẹ́ ohun tó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkèlè mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí àlejò bá wà nílé, màá ní, “Ẹ yára jẹun o, kí Ìyá Ṣadé tó bá yín débẹ̀.” Àlejò á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, yóò sì fọwọ́ sílẹ̀. Aṣọ tirẹ̀, ó máa ń tú ojú rírán rẹ̀ fúnra rẹ̀, á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á tún un rán kí n má baà mọ̀.

Mo mọ̀. Ìyẹn ló mú mi ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ síhìn-ín. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń mú téèpù tó fi ń wọn àwọn oníbàárà rẹ̀, èmi ni mò ń fi wọn ìbàdí rẹ̀, mo sì ń fi ẹfun ìkọ̀wé kọ iye rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bó bá lọ sókè, n kì í bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. O tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. O wọlé lọ́jọ́ kan, o rí àwọn iye tí mo kọ, o bi mí pé, “Bàbá, ṣé ìdánwò ni Màmá ń ṣe?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tíì yege. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi, ó ń tú òwú. Kò gbójú sókè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí, ọmọ mi: má fi ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni díwọ̀n ìwà rẹ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn ni yóò wá jókòó níwájú rẹ níbi iṣẹ́ yẹn. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti bú nílé kí wọ́n tó débẹ̀. Kí wọn ó kọ́kọ́ rí ẹ̀rín lójú rẹ kí wọ́n tó rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí wọn jókòó, kí wọ́n mumi. Ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ní èdè tí ìyá wọn fi tọ́ wọn, ẹni tó bá sì ní òun kò ṣe, jẹ́ kó máa lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ rẹ̀.

Èkejì ṣòro fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọdún tí o bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ikùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ pọ́n bí inú kúkúndùkú. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ ẹ́ níkùn bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ máa ń mutí?”

Ìyá rẹ ní, “Rárá. N kò fẹnu kàn án rí.”

Nọ́ọ̀sì náà kọjú sí mi, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu àgbà. Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Kí n ní, “Òtítọ́ ló sọ.” Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, “Èmi kì í wà nílé lọ́sàn-án.”

Ìyá rẹ wò mí. Títí di òní, mo ṣì ń rí ojú náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti bi ara mi fún ọdún mẹ́rìnlá. Bó bá jẹ́ ọtí ni, a jẹ́ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, a jẹ́ pé mo jàre gbogbo ohun tí mo kọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí kò bá jẹ́ ọtí, a jẹ́ pé aláìsàn ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo yan èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí a délé, mo tú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo rí ìgò kékeré kan, mo fi ayọ̀ ṣí i, àfi bí ẹni pé mo rí ohun rere he. Òróró tó fi ń pa ẹ̀rọ lára ni.

Ìyẹn kò dá mi dúró. Mo lọ sí Kàbúà, mo fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Bàbá Adéòtí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kó lọ fọwọ́ lé sàréè bàbá wọn, kó búra pé òun kì í mutí. Pẹ̀lú ikùn yẹn ni ìyá rẹ fi kúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó fọwọ́ lé sàréè, ó búra. Nígbà tó dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ẹni tó ń mutí ni ń yára búra. Mẹ́tírì kò ní í purọ́ mọ́ ìyàwó ara rẹ̀.” Mo jókòó síbẹ̀. N kò la ẹnu mi.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé lórí alùpùpù nígbà tó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, “Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ̀yin náà gbà á gbọ́?”

Mo ní, “Àwọn ará ilé rẹ ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.”

Kò tún fẹsẹ̀ tẹ Kàbúà mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ Ìdòwú bímọ ní Sàkín, ó rán aṣọ ọmọ náà, ó ṣe ọnà sí i lọ́rùn, ó fi rán ẹni tó ń lọ. Òun kò lọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa gbóòórùn ẹnu òun níbi ìkómọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, o wà níbẹ̀, n kò ní í tún un sọ. O rí ẹ̀jẹ̀ tó bì sórí aṣọ tó ń rán. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tí dókítà sọ fún mi nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú ní ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mú mi lọ sábẹ́ igi. Ó ní ẹ̀dọ̀ dà bí asẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Nígbà tó bá ti le, ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà mọ́, yóò ya gba àwọn iṣan kéékèèké tó wà lọ́nà ọ̀fun, àwọn náà yóò wú títí wọn yóò fi bẹ́. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Mo bi í pé, “Ṣé ọtí ló fà á?”

Ó ní, “Ọtí lè fà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lára àwọn tí kò tọ́ ọtí wò rí, pàápàá àwọn tí ara wọn sanra. Nígbà mìíràn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló máa ń ní in. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀, kí wọ́n lè tètè máa yẹ ara wọn wò.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kàbúà, wọ́n sin ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, mo sì gbójú kúrò. O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìwọ náà gbọ́ ọ. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé torí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni o ṣe lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Ohun tí o fi ọdún mẹ́rìnlá wá kiri, inú àpò bàbá rẹ ló wà.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: bí o bá rí òtítọ́ kan nípa àìsàn ìdílé kan níbi iṣẹ́ yín, tí àwọn onílé sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kó sùn sínú ìwé. Rí i pé ó dé etí wọn. Òtítọ́ tí a fi pamọ́ kì í dúró sójú kan. Ẹlòmíràn ló máa ń lọ pa.

Ó kù díẹ̀ kí tèmi pa ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gun alùpùpù sẹ́mì, mo lọ sí Kàbúà. Àkókò ìkórè kajú ni, gbogbo ènìyàn wà lóko, ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ ṣáájú, Bàbá Adéòtí dúró dè mí. Ó ti darúgbó, ojú kan kò ríran mọ́. Àǹtí Ìdòwú náà ti wá láti Sàkín, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìró ńlá bo ara. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, Wúràọlá kò mutí rí. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín. Dókítà sì sọ fún mi lọ́jọ́ tó kú pé ó lè jẹ́ àìsàn tó ń rìn nínú ìdílé. N kò sọ fún yín.”

Bàbá Adéòtí yí ojú tó ń ríran sí mi. Ó wá ní, “Mẹ́tírì, ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ.

Ó ní, “Ọmọ tí ìyá wa gbé pọ̀n mí sẹ́yìn kó tó kú. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn.” Ó nawọ́ sí ibi sàréè náà. “Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, mo pè é ní ọ̀mùtí. Torí ẹnu tìrẹ.” Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní “ìwọ” rí. “Dìde. Máa lọ. Má tún wọ ilé yìí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.”

Mo dìde. N kò bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Ìdòwú ló dá mi dúró. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Ó ní, “Ẹ dúró ná.” Ó ká ìró rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi ti ìyá rẹ. Ó ní, “Láti ìgbà ìkórè iṣu ni. Mò ń bò ó. Kí ni n bá lọ sọ fún dókítà? Kí wọ́n bi mí ní ọ̀rọ̀ ọtí, kí àwọn ọmọ mi gbọ́? Mo ti gbà pé n ó kú sílé, ó yá ju kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tẹ̀gbọ́n mi.”

Mo ní kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó ní kì í ṣe pẹ̀lú mi. Káyọ̀dé ni mo pè, òun àti ọmọkùnrin Àǹtí Ìdòwú ló gbé e lọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń le, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ṣì kù díẹ̀, wọ́n ti fún un ní oògùn, yóò máa padà lọ rí wọn. Wọn kò ṣèlérí. Àǹtí Ìdòwú rán Káyọ̀dé pé kí n sọ fún ọ pé òun yóò fún yín ní ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí náà, Bàbá Adéòtí náà yóò fún yín, àti àwọn ọmọ wọn tó bá fẹ́. Ìwọ ni kó wá. Ìwọ nìkan.

Ó yẹ kí o lọ láìsí èmi. Má bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún mi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó ku ọ̀rọ̀ tìrẹ fúnra rẹ, ọmọ mi ọ̀wọ́n. Nígbà ọdún Àjíǹde tí ìwọ àti Akínwándé àfẹ́sọ́nà rẹ wá kí mi, mo gún iyán, o bu díẹ̀, o fi ìyókù sílẹ̀, o ní o ti yó. O wo ojú Akínwándé kó tó di pé o fọwọ́ sílẹ̀. Mo rí i pé o ti ń sanra lápá àti lọ́rùn, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọkẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo rí nínú àwo rẹ lọ́jọ́ náà. Má fi ebi pa ara rẹ torí ìtìjú. Ẹni tó ń fi ebi sá fún ènìyàn yóò jẹun ní ìkọ̀kọ̀, yóò sì kórìíra ara rẹ̀. Jẹun bó ṣe tọ́, máa fẹsẹ̀ rìn, jẹ́ kí dókítà máa wo ẹ̀dọ̀ rẹ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ lóòrèkóòrè, ìwọ àti Káyọ̀dé. Ohun tí a jogún kì í ṣe ìdájọ́. Ìyá rẹ ì bá tètè mọ̀, bóyá ì bá ṣì wà.

Sọ fún Akínwándé kí ẹ tó so yìgì. Sọ ọ́ fún un lójú ọ̀sán, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó dáadáa. Sọ ohun tó pa ìyá rẹ, sọ pé ó lè wà lára rẹ, ó sì lè dé ara ọmọ yín. Bó bá sá, jẹ́ kó sá. Bó bá dúró, ṣọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ nígbà tí àlejò bá wà nílé. Ibẹ̀ ni o ti máa mọ ọkọ. Èmi kò na ìyá rẹ rí, gbogbo ìlú ló ń yìn mí pé mo jẹ́ ọkọ rere.

N kò ní kí o dárí jì mí. Bí o kò bá tún fẹ́ gbọ́ ohùn mi fún ìgbà díẹ̀, fi iṣẹ́ rán Káyọ̀dé kí n kàn mọ̀ pé o wà láàyè. Òun ni yóò mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló pa ìyàwó mi, “àìsàn inú” ni mo máa ń sọ, màá sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ẹ bá rí ohun náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Kàbúà, tí wọ́n sì gbà kí o sọ ọ́ fún mi, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, bó ti wù kó gùn tó, ní èdè yòówù tí wọ́n bá fi ń pè é. Màá kọ́ bí a ti ń pè é. Àwọn tí mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún pọ̀ ní ìlú yìí, mo sì fẹ́ kàn wọ́n nílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ